Gbígbé CT lé MRI orí kan náà: bí mo ṣe ń ṣe é lórí láptọ́ọ̀pù

Ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ ní ẹ̀ka àwòrán ara nílé ìwòsàn nílẹ̀ wa mọ sídíì méjì yẹn. Aláìsàn á kó wọn dé nínú ọ̀rá: ọ̀kan jẹ́ CT, àwòrán tí ìtànṣán X ń yà, tí wọ́n sáré ṣe fún un lọ́jọ́ tí gìrì mú un, èkejì jẹ́ MRI, èyí tí òòfà ń yà, tó lọ ṣe ní ìlú mìíràn nígbà tí àwọn ẹbí dáwó jọ. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fẹ́ mọ̀ bóyá kókó tó rí nínú MRI ti ń jẹ egungun tó rí nínú CT. Bí kò bá sí ẹni tó máa bá a gbé ọ̀kan lé èkejì, ojú lásán ló máa fi ṣe é. Á wo síkíríìnì ọ̀tún, á wo tòsì, á wá fi òye dí àlàfo àárín wọn.

Èmi ni mo máa ń bá wọn gbé e léra níbi tí mo wà. Iṣẹ́ rédíógíráfà ni mo kọ́kọ́ ṣe kí n tó padà lọ kọ́ físíìsì ìṣègùn, ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú pé ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ̀ ń gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí ju ẹni tó mọ kóòdù nìkan lọ. Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 16 GB, kò ní káàdì GPU, inverter ló sì ń gbé e lọ́pọ̀ ìgbà. Ó tó.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ́ṣẹ́ látinú àpẹẹrẹ, tí àwọn èèyàn ń pè ní machine learning, ti gba apá tó le jù lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ tiwa ti wá bọ́ sí iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀: ká mọ irú fáìlì tí a gbé fún un, ká mọ bí a ṣe fẹ́ kó yí àwòrán padà tó, ká sì mọ ibi tí ojú wa máa wò nígbà tó bá ní òun ti ṣe tán.

Kí ló dé tí wọn kì í bára mu?

Nínú CT, nọ́ńbà inú voxel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ kékeré tí wọ́n fi kọ́ àwòrán 3D, nítumọ̀. Lórí ìwọ̀n Hounsfield, omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, egungun líle sì wà lókè fíofío. MRI kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan lè kọ 300 síbi tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kejì máa kọ 1,200, kí àwòrán méjèèjì sì dára. Egungun agbárí tó funfun báláú nínú CT dúdú nínú T1, irú àwòrán MRI kan. Omi inú ọpọlọ dúdú nínú T1, ó funfun nínú T2, irú MRI mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú èkejì kó sì máa sún àwòrán títí tí ìyàtọ̀ á fi kéré, ẹ ti rán an níṣẹ́ tí kò lè jẹ́.

Ní 1995, Paul Viola àti William Wells ní MIT gbé ọ̀nà kan jáde, àwọn Collignon àti Maes ní Leuven, ní Bẹ́ljíọ̀mù, náà sì gbé irú rẹ̀ jáde ní sáà kan náà. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà má bèèrè bóyá nọ́ńbà méjì dọ́gba, kó bèèrè bóyá ẹni tó mọ ọ̀kan lè fi mọ èkejì. Bí ibi tó funfun nínú CT bá ń bọ́ sórí ibi tó dúdú nínú T1 ní gbogbo ìgbà, ìbámu ti wà nìyẹn, bí àwọ̀ wọn tiẹ̀ yàtọ̀. Mutual information lorúkọ rẹ̀, a ṣì ń lò ó, màá sì padà bá a nísàlẹ̀. Àlébù rẹ̀ ni pé orí tuntun kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìwákiri láti òfo, ó sì máa ń há sí ibi tí kò tọ́ bí àwòrán méjèèjì bá jìnnà síra jù níbẹ̀rẹ̀.

VoxelMorph dé ní 2018 láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí ní Boston àti agbègbè rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀pọ̀ àwòrán, lẹ́yìn náà, orí tuntun kì í gbà á ní àkókò. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi T1 kọ́, T1 nìkan ló mọ̀; ẹ gbé CT sí i níwájú, ó di òmùgọ̀. SynthMorph, tí Malte Hoffmann, Adrian Dalca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2022, ló yanjú ìyẹn, òun sì ni màá kọ́ yín lónìí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí aládìrẹ bá fi bátànì kan náà ṣe àdìrẹ méjì, tó rẹ ọ̀kan sínú aró, tó rẹ èkejì sínú àwọ̀ pupa, ẹni tó ń fi àwọ̀ mú wọn pọ̀ kò ní rí wọn tò. Ẹni tó ń wo ilà bátànì máa tò wọ́n léra láìsí wàhálà. Wọ́n mú máàpù ọpọlọ tí wọ́n ti pín sí ẹ̀yà ẹ̀yà. Kọ̀ǹpútà wá kun ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ eérú èyíkéyìí tó bá wá sí i lọ́wọ́, ó mú kí apá kan ṣókùnkùn, ó mú kí apá kan rí bàìbàì, ó sì lọ́ ọ po. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àwọ̀ tó yàtọ̀, ó ní kí ẹ̀rọ gbé ọ̀kan lé èkejì. Kì í wo àwọ̀ fún un ní máàkì o. Bí ẹ̀yà ṣe bọ́ lé ẹ̀yà ló ń wò, pẹ̀lú ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Dice. Wọ́n tiẹ̀ kọ́ ẹ̀dà kan pẹ̀lú ìrísí játijàti tí kì í ṣe ọpọlọ rárá, ó sì ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi bìkítà bóyá T1 lẹ gbé wá tàbí T2 tàbí CT. Àmọ́ MRI ni wọ́n fi dán an wò jù, ìyẹn ló sì fi jẹ́ pé mi ò gbà á gbọ́ lórí CT láìfi ojú ara mi rí i.

Ohun tí ẹ máa nílò

FreeSurfer, àkójọ irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwòrán ọpọlọ, ni SynthMorph wà nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n fi fáìlì láísẹ́ǹsì ránṣẹ́ sí yín. Linux tàbí Mac ló ń gbé e. Ẹni tó ń lo Windows máa fi WSL, Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows, sí i. Ó tóbi gan-an, ẹ má fi dátà fóònù gbé e wálẹ̀. Bó bá jẹ́ SynthMorph nìkan lẹ fẹ́, ẹ̀dà Docker rẹ̀, tí wọ́n ti dì pọ̀ tán, wà lọ́tọ̀. Ẹ gba dcm2niix pẹ̀lú láti sọ DICOM (irú fáìlì tó ń jáde látinú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn) di NIfTI (irú fáìlì tí àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí ń lò), àti ITK-SNAP tàbí freeview láti fi wo àwòrán.

Orúkọ aláìsàn, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ nílé ìwòsàn wà nínú DICOM. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí láptọ́ọ̀pù tó máa bá yín wọ mọ́tò lọ sílé, ẹ yọ wọ́n kúrò. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 kò fi èyí ṣeré. Ẹ tún rántí pé T1 tó jẹ́ 3D ní ojú, imú àti ètè nínú. Ẹni tó bá fẹ́ lè tún ojú èèyàn kọ́ látinú rẹ̀. Bí àwòrán bá máa jáde kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi mri_synthstrip yọ ọpọlọ nìkan sílẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì

Èyí ni mo fi ń lo àkókò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yí DICOM padà:

dcm2niix -z y -f %p_%s -o nifti dicom

%p ni orúkọ prótókóòlù, %s ni nọ́ńbà síríìsì, ìyẹn ọ̀wọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi %n sí i, orúkọ aláìsàn ni ìyẹn máa kọ sórí fáìlì.

Lẹ́yìn náà ẹ wo fódà náà. Bí ẹ bá rí fáìlì tí wọ́n kọ Tilt mọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin rédíógíráfà mọ̀ ọ́n: nígbà tí a bá ń ṣe CT orí, a máa ń fì gantry, òrùka ńlá ẹ̀rọ CT tí orí ń wọ̀, síwájú tàbí sẹ́yìn kí ìtànṣán má bàa gba ẹyinjú kọjá. Àwọn ègé náà á wá tò léra bíi pé wọ́n tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá lo fáìlì tí wọn kò tíì tún ṣe, orí aláìsàn á wọ́, kò sì sí yíyí tàbí sísún tó máa mú un tọ́. Èyí tí a kọ Tilt sí ni dcm2niix ti tún ṣe, òun ni kí ẹ mú. Bákan náà, èyí tí a kọ Eq sí ni ti CT tí àlàfo àárín àwọn ègé rẹ̀ yí padà lágbedeméjì, bíi kí wọ́n fi ègé tẹ́ẹ́rẹ́ ya ìsàlẹ̀ agbárí kí wọ́n wá fi ègé nínípọn ya òkè.

Síríìsì CT wo lẹ máa mú? Ilé ìwòsàn sábà máa ń tún àwòrán kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ẹran ara, ọ̀kan fún egungun. Ti egungun ni dókítà fẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó ní ariwo púpọ̀, ìyẹn ẹ̀kán játijàti lójú àwòrán. Ti ẹran ara ni kí ẹ fún ẹ̀rọ. Nígbà tó bá ti rí ọ̀nà, ẹ fi ọ̀nà kan náà gbé ti egungun, nítorí ìgbà kan náà ni wọ́n ya méjèèjì, orí kò sì kúrò lójú kan láàárín wọn.

Ẹ wá wo ọ̀tún àti òsì. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn: kò sí àṣìṣe mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tó lè pààyàn bí èyí. Nínú DICOM, nọ́ńbà ń pọ̀ sí i bí a bá ń lọ sí òsì aláìsàn; nínú NIfTI, ó ń pọ̀ sí i bí a bá ń lọ sí ọ̀tún rẹ̀, irinṣẹ́ kan sì lè gbàgbé láti yí i. Ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì, nítorí náà ẹ̀rọ lè gbé àwòrán tó ti yí ojú padà lé èkejì kó sì dára lójú. Ẹ wá nǹkan tí kò dọ́gba: kókó fúnra rẹ̀, ihò imú tó tóbi ju èkejì lọ, eyín tí wọ́n fi irin dí, ojú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó nínú ìròyìn tí dókítà àwòrán kọ pẹ̀lú. Bí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ya MRI, ẹ lẹ kápúsù fítámì E kan mọ́ ẹ̀bátí ọ̀tún. Òróró inú rẹ̀ máa tàn nínú T1.

Ẹ wo bí ègé ṣe nípọn tó. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ MRI tó wà nílẹ̀ wa ni agbára òòfà wọn kéré, ègé wọn sì lè nípọn tó 5 tàbí 6 mm. SynthMorph máa gbà á, nítorí wọ́n ti fi àwòrán bàìbàì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má retí kó mọ ibi tí nǹkan wà ní ìdá mìlímítà láti òkè sí ìsàlẹ̀ nígbà tí àwòrán fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n òmìnira

Ọ̀nà mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀ nínú SynthMorph. Rigid ń sún orí ó sì ń yí i, nọ́ńbà 6 péré ni: sísún mẹ́ta, yíyí mẹ́ta. Affine ní 12, ó lè mú orí tóbi sí i, kó mú un kéré, kó sì tì í wọ́. Deform lè gbé voxel kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tó wù ú.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń fẹ́ràn deform, nítorí àwòrán tó ń jáde níbẹ̀ máa ń dùn ún wò. Ẹ má lò ó fún orí kan náà. Agbárí àgbàlagbà kì í tóbi sí i láàárín ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé. Bí kókó kan bá hàn gedegbe nínú MRI, tí kò hàn nínú CT, deform máa fún ọpọlọ inú CT pọ̀ títí tí ilà rẹ̀ á fi jọ ti MRI. Ohun tó yàtọ̀ gan-an, tí dókítà ń sanwó láti rí, á parẹ́ mọ́ ọn lójú. Deform wúlò bí ẹ bá ń gbé ọpọlọ èèyàn kan lé ti ẹlòmíràn, tàbí lé àwòṣe bíi MNI152, fún ìwádìí. Kódà níbẹ̀, ẹ yẹ Jacobian rẹ̀ wò, nọ́ńbà tó ń sọ bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tàbí sún kì tó: níbikíbi tó bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo, ẹran ọpọlọ ti ká lé ara rẹ̀ níbẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú ara èèyàn.

Affine ní ìlò kan tí mo fẹ́ràn. Mo máa ń sáré ṣe é bí àyẹ̀wò, kì í ṣe fún àbájáde. Bó bá sọ pé òun ní láti fa orí náà gùn ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní apá kan kó tó bára mu, mo mọ̀ pé irọ́ wà nínú fáìlì náà: àlàfo ègé tí wọ́n kọ kò tọ́, tàbí ègé kan sọnù láàárín. Mo máa ń padà sínú DICOM, mi ò ní gba affine náà.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́

T1 ni mo máa ń fi ṣe àwòrán tó dúró lójú kan, CT ló ń rìn lọ bá a:

mri_synthmorph register -m rigid -j 4 -t ct_si_t1.lta -o ct_lori_t1.nii.gz ct.nii.gz t1.nii.gz

Èyí tó ń rìn ló ṣáájú, èyí tó dúró ló tẹ̀lé e. -j 4 ń sọ iye ọwọ́ tí kọ̀ǹpútà máa fi ṣe é. Fáìlì .lta ni ọ̀nà tó rí, ẹ tọ́jú rẹ̀ ju àwòrán lọ. Bí ẹ bá fi -H sí i, kò ní tún voxel kankan kà. Ibi tí CT wà ló kàn máa tún kọ sí orí fáìlì rẹ̀, egungun á sì mú bó ṣe mú tẹ́lẹ̀. Mo máa ń lò ó nígbà tí ègé CT bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti T1 lọ, nítorí gbígbé CT tó dán sínú àpótí T1 máa sọ ọ́ di bàìbàì lásán.

Ẹ wá gbé síríìsì egungun gba ọ̀nà kan náà:

mri_synthmorph apply ct_si_t1.lta ct_egungun.nii.gz egungun_lori_t1.nii.gz

Bó bá jẹ́ pé àmì lẹ fẹ́ gbé, bíi ibi tí dókítà ti fi ọwọ́ yà pé ẹ̀jẹ̀ wà, ẹ fi -m nearest sí i. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì 1 àti àmì 4 á pò mọ́ra létí, á bí 2 àti 3 tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ojú yín máa lọ

Ẹ gbé méjèèjì léra nínú freeview, kí ẹ máa fà á wọlé kí ẹ máa fà á jáde. Ẹ má wo àárín ọpọlọ nìkan. Àṣìṣe yíyí kì í hàn láàárín, eteetí ló ti ń hàn: bí orí bá yí ní díẹ́gírì kan péré, ibi tó jìnnà sí àárín ní 80 mm ti sún ní nǹkan bíi 1.4 mm. Nítorí náà mo máa ń lọ sí àtàrí, mo máa ń lọ sí ìsàlẹ̀ agbárí, mo máa ń lọ sí ìpàkọ́, kí n tó wá sí àárín.

Àwọn ibi tí mo gbẹ́kẹ̀ lé nìwọ̀nyí. Ọ̀nà tóóró inú egungun etí, tí iṣan ìgbọ́ràn gbà kọjá: CT ń fi ihò egungun hàn, T2 ń fi omi inú rẹ̀ hàn, omi gbọ́dọ̀ wà nínú ihò. Pineal, ẹ̀yà kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngán omi kẹta: lára àgbàlagbà púpọ̀, ó ti di òkúta díẹ̀, ó máa ń tàn nínú CT bí àmì kan ṣoṣo láàárín gbùngbùn; ẹ rí i dájú pé ó bọ́ sórí pineal T1. Ẹ̀gbẹ́ inú agbárí níbi tí ọpọlọ ti fara tì í. Ihò ńlá tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbà jáde.

Ibi tí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé: ẹyinjú, nítorí ó ń yí, àgbọ̀n, nítorí ẹnu lè ṣí lọ́jọ́ kan kó pa dé lọ́jọ́ kejì, awọ orí, nítorí ìrọ̀rí tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá abẹ́ awọ orí nínú MRI pẹ̀lú lè sún kúrò níbi tó wà gan-an, àrùn ẹ̀rọ ni, ẹ má fi dá rigid lẹ́bi.

Gbọ̀ngán omi ọpọlọ ńkọ́? Ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́. Bí CT àti MRI bá jìnnà síra, tí omi sì ti kún orí láàárín ìgbà náà tàbí tí wọ́n ti fi páìpù fà á, gbọ̀ngán náà ti yí padà ní ti gidi. Ní irú ìyẹn, agbárí ló yẹ kó bára mu, kí gbọ̀ngán sì yàtọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á máa lu ẹ̀rọ títí tí gbọ̀ngán á fi bára mu, á sì ba agbárí jẹ́. Orí tí wọ́n ti ṣí náà bẹ́ẹ̀: ọpọlọ máa ń wọlé díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gé egungun kúrò. Ẹ jẹ́ kí egungun bá egungun mu, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ibi tí ọpọlọ wà lọ́jọ́ MRI lèyí.

Lẹ́yìn ojú ni ìwọ̀n. Mo máa ń tẹ àmì sí ibi mẹ́fà tí mo mọ̀ dájú nínú CT, mo tẹ̀ ẹ́ sí ibi kan náà nínú MRI láìwo ti àkọ́kọ́, mo wá ka ìjìnnà wọn. Tó bá ju 2 mm lọ nítòsí ibi tí wọ́n fẹ́ gé, mi ò ní fi ránṣẹ́. Èyí jẹ́ òté tèmi, ọ̀gá tiyín lè fẹ́ kó kéré sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín wo ẹ̀yà ọpọlọ, mri_synthseg máa pín T1, ó sì máa pín CT pẹ̀lú bí ẹ bá fi --ct sí i; ẹ wá ka Dice láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Dice tàn yín. Ẹ̀yà ńlá máa ń gba máàkì gíga kódà nígbà tó bá ti sún díẹ̀.

Àyẹ̀wò mìíràn wà tí kò náni ní nǹkan kan. Ẹ gbé CT lé T2, ẹ gbé T2 lé T1, ẹ wá so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ó yẹ kí CT dé ibi kan náà tó dé nígbà tí ẹ gbé e lé T1 tààrà. Tí kò bá débẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta ń parọ́. Tó bá débẹ̀, ìyẹn nìkan kò tíì fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má ju ọ̀nà àtijọ́ nù

FSL, àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ mìíràn, ní flirt, ó sì mọ mutual information:

flirt -in ct.nii.gz -ref t1.nii.gz -dof 6 -cost mutualinfo -searchcost mutualinfo -omat ct_t1.mat -out ct_flirt.nii.gz

Kí ẹ tó lò ó, ẹ gé bẹ́ẹ̀dì àti ohun tí wọ́n fi di orí mú kúrò nínú CT, nítorí òun máa ń ka gbogbo rẹ̀ mọ́ orí. Mo máa ń ṣe SynthMorph àti flirt lórí orí kan náà. Nígbà tí wọ́n bá jọ dé ibi kan, ọkàn mi máa ń balẹ̀, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà ronú yàtọ̀ síra pátápátá. Nígbà tí wọn ò bá jọ débẹ̀, mi ò ní yan èyí tó wù mí. Inú fáìlì ni mo máa ń padà sí, ibẹ̀ sì ni wàhálà sábà máa ń wà.

Diffusion (MRI tó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ) àti fMRI (èyí tó ń wo ọpọlọ lẹ́nu iṣẹ́) jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Afẹ́fẹ́ inú imú àti etí ń lọ́ wọn pọ̀ nítòsí iwájú orí àti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, rigid kò sì lè tú ohun tó ti lọ́ pọ̀. Bí ẹ bá lè ya àwòrán díẹ̀ sí i pẹ̀lú phase encoding, ìyẹn ìhà tí ẹ̀rọ ń gbà ka àwòrán, tó kọjú sí òdìkejì, topup inú FSL máa lò ó láti na ọpọlọ náà tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó gbé e lé T1.

Ibi tí ẹ ti lè fi dánra wò

Ẹ má fi orí aláìsàn kọ́ṣẹ́. RIRE, tí Vanderbilt University ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ní CT, MRI àti PET (àwòrán tí oògùn onítànṣán ń mú jáde) àwọn tí wọ́n fi àmì sínú egungun agbárí wọn kí wọ́n tó ya wọ́n. Nítorí àwọn àmì yẹn, wọ́n mọ ìdáhùn tó tọ́ ní mìlímítà. Ẹ fi tiyín wé e. IXI ní T1, T2 àti PD (irú MRI mìíràn) fún àwọn aláìlárùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600, tí wọ́n yà ní ilé ìwòsàn mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó fẹ́ rí kókó ọpọlọ, ẹ lọ sí BraTS-Africa ní The Cancer Imaging Archive. MRI àwọn aláìsàn láti ilẹ̀ Áfíríkà ló wà níbẹ̀, ti Nàìjíríà sì wà nínú wọn. T1, T1 pẹ̀lú oògùn, T2 àti FLAIR (irú MRI tí omi ọpọlọ ti dúdú) ni, wọ́n sì ti tò wọ́n léra tán. Ìyẹn gan-an ni mo ń lò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹ mú FLAIR kan, ẹ yí i ní díẹ́gírì mẹ́jọ, ẹ sún un ní 15 mm, ẹ ní kí SynthMorph dá a padà. Ẹ̀yin lẹ sún un, ẹ mọ ibi tó ti wá. Lẹ́yìn náà ẹ sún un ní 2 mm péré kí ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ̀ sí i, kí ẹ wò bóyá á rí i. Ọ̀pọ̀ kì í rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ máa ṣe é títí ojú yín á fi mọ 2 mm.

Nígbà tí mo bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún dókítà, àwòrán mẹ́rin ni mo máa ń yà sínú PDF, egungun CT lórí T1 ní àwọ̀ ọsàn: ọ̀kan níbi kókó, ọ̀kan ní àtàrí, ọ̀kan níbi egungun etí, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Mo kọ ọjọ́ CT àti ọjọ́ MRI sábẹ́ rẹ̀, mo kọ bí ègé ṣe nípọn tó, mo kọ ìjìnnà tó pọ̀ jù nínú àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo kọ Ọ̀TÚN gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ ọ̀tún. Mo tún kọ ọ́ pé irinṣẹ́ ìwádìí ni FreeSurfer, pé kó má fi òun nìkan darí ọ̀bẹ. Fáìlì .lta á wà nínú fódà pẹ̀lú àṣẹ tí mo tẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ṣe CT mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, T1 yẹn náà ni màá gbé e lé.